Àbúrò mi fẹ́ tún ìdánwò láísẹ́ńsì alùpùpù ṣe ní Manchester: báwo ni ọ̀rọ̀ adójútòfò àti owó rẹ̀ ṣe máa rí?

Ẹ̀gbọ́n Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Manchester ni mo ń bá béèrè, nítorí pé ìdààmú kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó yege nínú ìdánwò alùpùpù ńlá, ìyẹn ìsọ̀rí A, ní ọdún tó kọjá, ó sì ra alùpùpù 650cc kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan tó ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà, ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n wo àpò oúnjẹ tó gbé kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n yẹ ìwé adójútòfò rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ìgbafẹ́ àti lílọ síbi iṣẹ́ nìkan ni ìwé náà fàyè gbà, kò kan iṣẹ́ tí a ń gba owó lé lórí. Owó ìtanràn £300 àti póìǹtì mẹ́fà, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sórí láísẹ́ńsì, ni wọ́n fún un. Nígbà tó sì jẹ́ pé kò tíì pé ọdún méjì tó gba láísẹ́ńsì, DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí láísẹ́ńsì, kọ̀wé sí i pé àwọn ti fagi lé e, kí ó padà di akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì tún gbogbo ìdánwò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí owó ṣe máa rìn ni kò yé wa. Bí ó bá tún lọ kọ́ṣẹ́, ọrùn ta ni adójútòfò alùpùpù tí yóò fi kọ́ àti èyí tí yóò fi ṣe ìdánwò wà? Ó ṣì ń san owó adójútòfò 650cc rẹ̀ lóṣooṣù, alùpùpù ọ̀hún sì wà lẹ́bàá títì níwájú ilé láìgùn; ṣé kí ó dá owó náà dúró ni, àbí kí ó máa san án lọ títí yóò fi yege? Èló ni kí a fi sílẹ̀ fún ìdánwò fúnra rẹ̀? Ẹnì kan tún wà lórí WhatsApp tó ní òun lè bá a gba adójútòfò olówó pọ́ọ́kú láìmẹ́nu kan póìǹtì mẹ́fà yẹn rárá. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Olùkọ́ Alùpùpù

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kíkọ́ àwọn ènìyàn ní alùpùpù gígùn ni iṣẹ́ mi ní Birmingham, nítorí náà ohun tó kan ìdánwò ni màá dáhùn. Àwọn tó mọ adójútòfò jù mí lọ yóò bá wa dá sí ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ sọ́tọ̀. Òfin tó mú àbúrò yín ni Road Traffic (New Drivers) Act ti ọdún 1995, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 1997. Ẹni tó bá gba póìǹtì mẹ́fà láàárín ọdún méjì tó kọ́kọ́ yege, láísẹ́ńsì rẹ̀ lọ nìyẹn, ọjọ́ tí ó sì ṣẹ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé ìtanràn dé ilé. Ṣùgbọ́n wọn kò fòfin dè é pé kí ó má gun ọkọ̀ fún iye oṣù kan. Bí láísẹ́ńsì akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tuntun bá ti ọ̀dọ̀ DVLA dé lónìí, ó lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ́la. Kí ó tó dé ni kò gbọdọ̀ gun ohunkóhun. Ẹni tí kóòtù bá fòfin dè, tí adájọ́ sì pàṣẹ pé kí ó ṣe ìdánwò tó pẹ́ ju ti gbogbo ènìyàn lọ (extended test), òun ló ń san £150 fún Module 2, ìyẹn ìdánwò ojú pópó, láàárín ọ̀sẹ̀, tàbí £177 ní alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pe irú owó bẹ́ẹ̀ fún àbúrò yín, kí ó mọ̀ pé wọ́n ti ṣì í mú. Ìdánwò tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni tirẹ̀.

Owó ìjọba kò pọ̀. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà jẹ́ £23, Module 1, ìyẹn ìdánwò orí pápá, jẹ́ £15.50, Module 2 sì jẹ́ £75 bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, tàbí £88.50 bí ó bá jẹ́ alẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ ìsinmi. Bí ó bá yege lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjọ́ iṣẹ́, £113.50 ni gbogbo rẹ̀. Orí GOV.UK ni kí ó ti gba ọjọ́ ìdánwò, nítorí pé àwọn ìkànnì kan wà tí wọ́n fi ojú jọ ti ìjọba, tí wọ́n sì ń fi owó tiwọn lé e.

Owó ilé ẹ̀kọ́ ló ń gbọ́n àpò gbẹ. Èmi a máa gba ẹni tó bá wà ní ipò rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó ṣe CBT tuntun, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ alùpùpù, kí ó tó ṣe nǹkan mìíràn, owó rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín £130 sí £200, ó kù sí ìlú tí ènìyàn bá wà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ orí alùpùpù ńlá, tí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn yóò gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn fún. Níbí ni àbúrò yín ti ní àǹfààní: ó ti mọ̀ ọ́n gùn. Kò nílò láti ra ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí wọ́n ń ta fún ẹni tí kò gun alùpùpù rí. Kí ó béèrè fún ìdajì ọjọ́ láti fi yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà kí ó san owó yíyá alùpùpù àti ti olùkọ́ fún ọjọ́ ìdánwò méjèèjì. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá fẹ́ ta á ní wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó kọjá síwájú.

Mo rí i pé àwọn tó ti gun alùpùpù fún ìgbà díẹ̀ máa ń fojú kéré Module 1, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń ṣubú. Orí pápá tí kò sí ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó ti ń gbé oúnjẹ kiri ní Manchester ti mọ́ra láti máa fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá fẹ́ yí padà láàárín ọ̀nà tóóró, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀ nígbà tí ó ń yí 650cc padà láàárín ìlà méjì, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó ń gbà á là ni pé kí ó máa gún bíréèkì ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, kí ó mú kílọ́ọ̀ṣì dé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fà, kí ojú rẹ̀ sì wà ní ibi tí ó ń lọ, kì í ṣe lára kóònù tó wà nílẹ̀. Níbi ìdádúró pàjáwìrì, ó gbọ́dọ̀ ti máa sá tó 50 kìlómítà ní wákàtí kan kí ó tó tẹ bíréèkì. Àṣìṣe kéékèèké márùn-ún ni wọ́n gbà láyè nínú Module 1, mẹ́wàá nínú Module 2. Èyí tó bá le ju ìyẹn lọ, ẹyọ kan ṣoṣo ti tó láti fi kùnà.

Ní ti adójútòfò nígbà ẹ̀kọ́: alùpùpù ilé ẹ̀kọ́ wà lábẹ́ adójútòfò ilé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ ìdánwò. Ṣùgbọ́n kí ó béèrè ohun méjì, kí wọ́n sì fi èsì ránṣẹ́ sí i lórí ímeèlì. Èkíní, bí alùpùpù bá ṣubú, èló nínú àtúnṣe ni yóò ti àpò òun jáde? Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì àti tiráfíkétọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fọ́, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan a sì máa gba owó ìdúró ṣáájú nítorí rẹ̀. Èkejì, ṣé adójútòfò wọn gba ẹni tó ní póìǹtì nítorí àìní adójútòfò? Èyí tó pọ̀ jù ń gbà á. Àwọn díẹ̀ kò gbà á, ó sì dára kí ó mọ̀ kí ó tó sanwó.

Akọ̀wé Adójútòfò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdúró ti àbúrò yín. Ọ́fíìsì alágbàtà adójútòfò ọkọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, irú ọ̀rọ̀ yìí sì ń dé tábìlì mi léraléra. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣáájú ni adójútòfò 650cc tó wà níwájú ilé, nítorí pé lójoojúmọ́ ló ń di ìṣòro tuntun, ìdánwò sì lè dúró dè yín.

Ìwé adójútòfò tó ń sanwó lé lórí ni a kọ fún ẹni tó ní láísẹ́ńsì kíkún. Láti ọjọ́ tí DVLA ti fagi lé láísẹ́ńsì náà, ẹni tí ìwé ọ̀hún ń ṣàpèjúwe kò sí mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé oníbàárà gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn bí nǹkan bẹ́ẹ̀ bá yí padà. Bí wọ́n bá fi ara wọn rí i nínú àkọsílẹ̀ DVLA, wọ́n lè fagi lé ìwé náà láti ọ̀dọ̀ tiwọn, ìyẹn sì burú ju póìǹtì lọ ní ojú mi, nítorí pé ìbéèrè tó wà lórí fọ́ọ̀mù gbogbo ni pé, "Ǹjẹ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò kankan ti fagi lé ìwé rẹ rí?" Bí òun bá fúnra rẹ̀ pè wọ́n kí ó sì dá a dúró, kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè yẹn. Nítorí náà, kí ó pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí. Wọn yóò gba owó ìfàgilé díẹ̀, kí ó san án. Bí ó bá ti ní ọdún kan láìgba owó ìjàǹbá, kí ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣì máa ń ka ìyẹn sí fún ọdún méjì lẹ́yìn tí ìwé ti parí.

Ṣùgbọ́n kí ó má dá a dúró kí ó sì fi alùpùpù sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Láti ọdún 2011 ni òfin ti sọ pé ọkọ̀ tí orúkọ ènìyàn wà lórí ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní adójútòfò, a kì báà máa gùn ún tàbí a kì í gùn ún, àfi bí a bá ti ṣe SORN, ìyẹn ìkéde fún DVLA pé ọkọ̀ náà kò sí lójú pópó. Ẹni tí kò bá ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, ìtanràn £100 lè dé bá a nínú ilé. SORN kì í gba owó, wọn yóò sì dá owó táàsì oṣù tó bá kù padà fún un. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ẹ̀bá títì kò wúlò fún SORN. Inú ọgbà, gáréèjì tàbí ilẹ̀ àdáni ni ó gbọ́dọ̀ wà, ó sì gbọ́dọ̀ gbé e débẹ̀ kí adójútòfò tó parí, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, láti ọwọ́ ẹni tó ní láísẹ́ńsì tí adójútòfò rẹ̀ sì kan alùpùpù náà, tàbí kí wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e. Bí ó bá ń bẹ̀rù olè, adójútòfò olówó kékeré kan wà fún ọkọ̀ tí a gbé kalẹ̀, iná àti olè nìkan ni ó ń bò.

Ẹ má jẹ́ kí ó rò pé òun lè fi 650cc yẹn kọ́ṣẹ́ fúnra òun. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gun ju 125cc lọ lójú pópó, àfi bí olùkọ́ tó ní àṣẹ bá ń bá a lọ tí wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Lóòótọ́, òfin gbà kí ènìyàn fi alùpùpù tirẹ̀ ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n yóò fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ náà pé adójútòfò rẹ̀ pé, ilé iṣẹ́ adójútòfò tí yóò sì gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ní póìǹtì mẹ́fà lórí 650cc kò wọ́pọ̀. Bí ó bá tilẹ̀ rí ọ̀kan, owó yíyá alùpùpù ilé ẹ̀kọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá díẹ̀ nínú ohun tí wọn yóò bù fún un.

Nísinsìnyí, póìǹtì. IN10, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ àìní adójútòfò, ló wà lórí láísẹ́ńsì rẹ̀. Yíyege nínú ìdánwò tuntun kò pa á rẹ́. Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni yóò fi wà lórí láísẹ́ńsì, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ni àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ń béèrè, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bẹ́ẹ̀. Òfin Consumer Insurance ti ọdún 2012 sọ pé oníbàárà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ó má fún wọn ní èsì tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, wọ́n lè sọ ìwé náà di asán, ìyẹn ni pé bí ó bá tún bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá, IN10 mìíràn ló ń bọ̀. Nǹkan kan wà tó yẹ kí ó sọ bí ó ṣe rí gan-an, nítorí pé ó máa ń dín owó kù: bí fọ́ọ̀mù bá béèrè bóyá kóòtù ti fòfin dè é láti máa wakọ̀, èsì rẹ̀ ni rárá. Wọ́n fagi lé láísẹ́ńsì rẹ̀ ni, kò sí ìdè kankan lórí rẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n fi ìbẹ̀rù dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n sì san owó ẹni tí a dè.

Ẹni orí WhatsApp yẹn, ayédèrú alágbàtà ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wa. Yóò fi àdírẹ́sì mìíràn, iṣẹ́ mìíràn àti láísẹ́ńsì tí kò ní àbàwọ́n gba ìwé lórúkọ àbúrò yín, tàbí kí ó kàn ya ayédèrú PDF lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ó bá ti fi ìwé kan ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà alùpùpù náà wá a nínú àkójọ Motor Insurance Database, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ tó ní adójútòfò. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ni ọkọ̀. Ìwé tòótọ́ lè gba ọjọ́ mélòó kan kí ó tó hàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí kò bá hàn rárá, ayédèrú ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Salford

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin àgbà. Èmi náà ń gbé oúnjẹ kiri níbí, ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ fi kún un, nítorí pé ọmọkùnrin náà gbọ́dọ̀ jẹun láàárín ìgbà tí ó bá ń kọ́ṣẹ́. Bí ó bá ti ní láísẹ́ńsì akẹ́kọ̀ọ́ àti CBT, ó lè gun 125cc pẹ̀lú pátákó L tó fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ni, kí ó sì máa gbé oúnjẹ lọ. Kò lè gbé èrò, kò lè gba motorway, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé jọ́lọ́ọ̀fù gba motorway?

Hire and reward ni orúkọ adójútòfò tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Oríṣi kan wà tí ènìyàn ń san ní wákàtí wákàtí, owó rẹ̀ sì rọjú lójú, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àfikún lórí adójútòfò ìgbafẹ́ tí ènìyàn ti ní tẹ́lẹ̀. Bí ti ìsàlẹ̀ bá parí tàbí tí wọ́n fagi lé e, àfikún náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí ó kà á kí ó tó tẹ bọ́tìnnì. Àwọn kan tún ń yá àkáǹtì àti alùpùpù ọ̀rẹ́ wọn lò. Orúkọ ọ̀rẹ́ ló wà lórí ìwé adójútòfò, orúkọ tirẹ̀ kọ́.

Akọ̀wé Adójútòfò

Òótọ́ ni Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ ní ti òfin, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn pátápátá ní ti owó. Hire and reward fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní IN10, tó ń gbé ní Manchester, tí alùpùpù rẹ̀ ń sùn níta, lè ju iye tí 125cc àgbà fúnra rẹ̀ tó lọ fún ọdún kan, táàsì adójútòfò ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún sì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá tún san án lóṣooṣù, èlé wà lórí rẹ̀. Kí ó gba iye owó sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó ra alùpùpù, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti rà á. Bí oṣù díẹ̀ péré bá ya òun àti Module 2 sọ́tọ̀, ó lè sàn kí ó fi kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe iṣẹ́ náà. Gáréèjì àti ẹ̀wọ̀n tí Thatcham, àwọn tó ń dán ohun ìdènà olè wò, fọwọ́ sí máa ń bá ni dín owó kù díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìkòròdú

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á ràn yín lọ́wọ́ o. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ti pe ilé iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀, wọ́n gbà kí ó dá a dúró fúnra rẹ̀ ní òpin oṣù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù yóò sì bá a gbé 650cc sínú ọgbà ìdílé kan ní Bolton kí ọjọ́ náà tó pé, kí ó lè ṣe SORN. Àṣé ó ti san owó díẹ̀ fún ẹni orí WhatsApp yẹn. A wá nọ́ńbà náà nínú àkójọ, kò sí ohunkóhun tí ó jọ ilé iṣẹ́ tí ó dárúkọ. Ta ni a máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ẹ̀wẹ̀, Olùkọ́, bí ó bá kùnà nínú ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò náà, ṣé yóò bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ni?

Akọ̀wé Adójútòfò

Ẹ pe báńkì rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, bóyá wọ́n lè gba owó náà padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tó Insurance Fraud Bureau, àjọ tó ń tọpa jìbìtì adójútòfò, létí. Ẹ̀ka kan wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá City of London, IFED, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ọ̀rọ̀ jìbìtì adójútòfò lọ. Kí ó má pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́.

Olùkọ́ Alùpùpù

Rárá, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí àkókò kò bá ti kọjá. Ìwé ìyege orí kọ̀ǹpútà wúlò fún ọdún méjì, Module 1 àti Module 2 sì gbọ́dọ̀ parí láàárín rẹ̀. Bí ọdún méjì náà bá pé kí ó tó yege nínú Module 2, àti orí kọ̀ǹpútà àti Module 1 ni yóò tún ṣe. Bí ó bá kùnà nínú Module 1, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kí ó tó tún un ṣe. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni ti Module 2. Ibi tí owó ti ń jò nìyẹn, nítorí pé kì í ṣe £75 nìkan ni yóò tún san, yóò tún yá alùpùpù àti olùkọ́ fún ìdajì ọjọ́ mìíràn. Kí ó má tìtorí ìyẹn gba ọjọ́ Module 2 kí ó tó rí èsì Module 1.

Ní ti orí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè 50 ni, 43 ni ìyege. Ti fídíò ewu ojú ọ̀nà, 44 nínú 75. Kí ó kàwé sí i dáadáa, nítorí pé £23 kì í padà.

Lọ́jọ́ Module 2, kí ó mú láísẹ́ńsì akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ìwé CBT àti ìwé ìyege Module 1 dání, kí ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Bí ìwé kan bá kù sílé, wọn kò ní jẹ́ kí ó gùn ún, owó náà sì ti lọ nìyẹn.